Bí ètò tó ń dán dísíìkì wò ṣe lè sọ òótọ́ nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́

Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, Ìkòròdú, fíláàṣì àti mẹ́mọ́rì káàdì ni àwọn oníbàárà máa ń gbé wá jù. Àwọn tó ń ya fídíò òde àríyá ló pọ̀ jù nínú wọn. Kí wọ́n tó lọ sóde, wọ́n á ní kí n bá àwọn wo èyí tuntun tí wọ́n rà, bóyá ó dáa. Mo kọ ètò kékeré kan ní èdè C fún iṣẹ́ yìí: á kọ fáìlì 512 MB sórí fíláàṣì, á kà á padà, á fi èyí tó kọ wé èyí tó kà, á sì ní "Ó DÁA". Ìlà bí ogójì péré ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ torí pé kì í fi àkókò ṣòfò.

Ọmọkùnrin kan láti Ìgbógbó gbé fíláàṣì 64 GB wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ètò mi ní ó dáa. Lọ́jọ́ Ajé ó padà wá, kò tilẹ̀ jókòó: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ó dáa." Fídíò ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún ìyá kan ló wà lórí rẹ̀, kò sì sí èyí tó ṣí nínú wọn. Mo tún ètò mi lò lé e lójú rẹ̀. "Ó DÁA" náà ló tún kọ. Mo wá tẹ `dmesg`, àṣẹ tó ń fi ìròyìn kernel hàn (kernel ni àárín gbùngbùn Linux, òun ló ń bá dísíìkì sọ̀rọ̀), ni mo bá rí `Buffer I/O error` àti `lost async page write` tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kernel ti ń pariwo tipẹ́, ètò mi ni kò tẹ́tí.

Ohun tí mo ṣe láti tún un ṣe ni mo fẹ́ tò síbí. Linux ni mo ń lò, C ni mo fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó fi Python kọ tirẹ̀ á rí i pé ìpè kan náà ló wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ibi tí ètò yín ti di etí

Gbogbo ìpè tí ètò bá ṣe sí kernel, `open`, `write`, `read`, `fsync`, `close`, ló ń dá èsì padà. Bó bá kùnà, èsì náà á jẹ́ -1, ìdí rẹ̀ á sì wà nínú `errno`. Ẹni tó kọ `write(fd, p, n);` tí kò gba èsì rẹ̀ dà bí ẹni tó ránṣẹ́ tí kò dúró gbọ́ ohun tí wọ́n fi dá ìránṣẹ́ lóhùn. Ẹ jẹ́ kí gcc, tó ń sọ kóòdù C di ètò, bá yín wá irú ìlà bẹ́ẹ̀:

```
gcc -O2 -Wall -U_FORTIFY_SOURCE -D_FORTIFY_SOURCE=2 idanwo.c -o idanwo
```

Á kìlọ̀ níbi tí ẹ bá ti sọ èsì `write` tàbí `read` nù. Kò ní sọ nǹkan kan nípa `fsync` àti `close`, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì yìí gan-an ló dójú tì mí. Ọwọ́ la fi ń wá tiwọn:

```
grep -nE '(fsync|close|fclose|ftruncate|unlink)\(' idanwo.c
```

Ìlà tí ẹ bá rí tí ìpè náà dá dúró, tí kò sí `if` tàbí `=` níwájú rẹ̀, ẹ sàmì sí i.

Ìgbésẹ̀ kejì: kí ẹjọ́ tí ètò ń rò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀

Níbi tí ètò mi àtijọ́ ti yẹ èsì wò pàápàá, "Error!" nìkan ló ń kọ. Bí ẹnì kan bá sáré wọlé wí fún yín pé "Wọ́n ti jà o!", ẹ ó bi í pé àwọn wo, níbo, kí ló fà á. Nǹkan mẹ́rin ni mo ń béèrè lọ́wọ́ ètò báyìí: iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́, orúkọ fáìlì, báìtì tó dé, àti ìdí tí kernel sọ.

```c
static void jabo(const char *ise, const char *faili, off_t ibi, int e)
{
    fprintf(stderr, "%s: %s, baiti %lld: %s (errno %d)\n",
            ise, faili, (long long)ibi, strerror(e), e);
}
```

Ẹ wò ó pé mo ní kí wọ́n fi `e` ránṣẹ́ sí i, kò lọ ka `errno` fúnra rẹ̀. Ìdí ni pé ìpè tó bá tẹ̀ lé e lè pa `errno` rẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ pe `close(fd)` kó tó pe `perror("write")` lè máa ka ẹ̀sùn `close` sí `write` lọ́rùn. Bí ìpè bá ti kùnà, `int e = errno;` ni kó kọ́kọ́ tẹ̀ lé e, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà náà hàn pẹ̀lú ọ̀rọ̀, torí ọ̀rọ̀ lè yí padà bí èdè kọ̀ǹpútà bá yí padà, ṣùgbọ́n 5 ni EIO (kíkà tàbí kíkọ kùnà) lórí Linux, 28 ni ENOSPC (àyè ti tán), 30 ni EROFS (kíkà nìkan ló ṣeé ṣe).

Àwọn ìpè kan wà tí kì í tẹ̀ lé òfin -1 yìí. `posix_fadvise` àti `posix_fallocate` máa ń dá nọ́ńbà àṣìṣe padà fúnra wọn, wọn kì í fọwọ́ kan `errno`. Ẹ máa rántí wọn, a ó lo ọ̀kan nísàlẹ̀.

Ibòmíràn tún wà tí `errno` ti lè ṣi ni lọ́nà, ọmọ iṣẹ́ mi ló rí i. Ó wò ojú tẹ́míná, ó ní, "Ọ̀gá, wọ́n ní kíkà kùnà: Success. Ṣé Success náà ti di àṣìṣe ni?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Bí `read` bá dá 0 padà, fáìlì ló tán, kì í ṣe àṣìṣe, `errno` kò sì yí padà. Bí fáìlì bá tán kó tó dé ibi tó yẹ kó dé, ẹ ní ọ̀rọ̀ tiyín láti sọ: "fáìlì kúrú, 4,096 báìtì ni mo retí, 1,000 ni mo rí". Ẹ má lọ bi `strerror`, tó ń sọ nọ́ńbà `errno` di ọ̀rọ̀, ní ohun tí kò mọ̀.

Ìròyìn yìí, ẹ kọ ọ́ sí stderr, ojú ọ̀nà tí ètò ń gbà sọ àṣìṣe, kí ìwé tí ẹ bá sì tọ́jú rẹ̀ sí wà lórí dísíìkì mìíràn. Mo ti fi àkọsílẹ̀ ìdánwò sórí fíláàṣì tí mo ń dán wò rí. Ó dà bí ká ní kí ọkọ̀ tó ń rì lójú ọ̀sà fúnra rẹ̀ wá ròyìn ní Ebute.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bí kóńgò kò bá pé, ẹ ní kí wọ́n wọn ìyókù

Bí ẹ bá ra kóńgò gàrí mẹ́wàá, tí oní-gàrí wọn méje tó dáwọ́ dúró, kì í ṣe pé ó kọ̀ láti tà. Ẹ ó ní kó máa wọn ìyókù lọ, ìgbà yẹn ni ẹ ó mọ̀ bóyá àpò ló tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni `write` rí. Ẹ lè gbé 1,048,576 báìtì fún un kó kọ 700,000 péré, kó sì dá 700,000 padà láìsí àṣìṣe kankan. Ìpè tó bá tẹ̀ lé e ló máa sọ ìdí rẹ̀, bóyá ENOSPC, ìyẹn ni pé àyè ti tán. Lórí Linux, ìpè kan ṣoṣo kì í kọ ju 2,147,479,552 báìtì lọ, bó ti wù kí àyè pọ̀ tó.

```c
static int ko_gbogbo(int fd, const char *p, size_t n, off_t *ibi)
{
    while (n > 0) {
        ssize_t r = pwrite(fd, p, n, *ibi);
        if (r < 0) {
            if (errno == EINTR)
                continue;
            return errno;
        }
        if (r == 0)
            return EIO;
        p += r;
        n -= (size_t)r;
        *ibi += r;
    }
    return 0;
}
```

EINTR túmọ̀ sí pé àmì kan já lu ìpè náà lọ́nà, ẹ tún un pè. Mo lo `pwrite` dípò `write` torí pé èmi fúnra mi ló ń sọ ibi tí yóò kọ sí, nítorí náà `*ibi` ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ gan-an.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: `fsync`, níbi tí òótọ́ wà

Ibí ni ọ̀rọ̀ ọmọ Ìgbógbó yẹn ti ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Nígbà tí `write` bá ní òun ti kọ ọ́, inú RAM, ìyẹn ìrántí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ló sábà máa ń gbé e sí. Lẹ́yìn náà ni kernel á máa dà á sórí dísíìkì díẹ̀díẹ̀. Bí dísíìkì bá wá kọ̀ ọ́, `write` ti dáhùn tán, kò lè padà wá yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. `fsync`, ìpè tó ń ní kí kernel da ohun tó wà nínú RAM sórí dísíìkì kó tó dáhùn, ni ibi tí ìròyìn yẹn ti lè kàn wá, nígbà míì `close` náà, pàápàá lórí NFS, níbi tí dísíìkì wà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Èmi kò pe `fsync` rárá. Èyí tó tún wá burú jù ni pé nígbà tí ètò mi ń ka fáìlì padà, RAM kan náà ló ń kà. 512 MB, nínú kọ̀ǹpútà tó ní RAM 8 GB! Ohun tí mo sọ fún RAM ni RAM ń sọ padà fún mi, a ò bi fíláàṣì léèrè. Abájọ tó fi yára.

```c
if (fsync(fd) < 0) {
    int e = errno;
    jabo("fsync", faili, ibi, e);
    close(fd);
    return 1;
}
int e = posix_fadvise(fd, 0, 0, POSIX_FADV_DONTNEED);
if (e != 0)
    jabo("fadvise", faili, 0, e);
if (close(fd) < 0) {
    e = errno;
    jabo("close", faili, ibi, e);
    return 1;
}
```

Bí `fsync` bá kùnà, ẹ má ṣe tún un pè kí ẹ wá gba èsì ẹlẹ́ẹ̀kejì gbọ́. Àwọn tó ń kọ PostgreSQL, ètò ìtọ́jú dátà kan tó gbajúmọ̀, rí èyí he ní 2018, ó sì ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Wọ́n ti rò pé bó bá kùnà, àwọn á tún un pè títí yóò fi gbà. Àmọ́ lórí Linux, lẹ́yìn tí kíkọ bá kùnà, kernel lè sàmì sí ohun tó wà nínú RAM yẹn pé ó ti mọ́, bí ẹni pé ó ti dé dísíìkì. `fsync` ẹlẹ́ẹ̀kejì á wò yíká, kò ní rí nǹkan kan tó kù láti kọ, á sì dá 0 padà. Ní 2019 wọ́n yí PostgreSQL padà kó lè máa dá ara rẹ̀ dúró ní pàjáwìrì bí `fsync` bá kùnà, kó wá ti inú àkọsílẹ̀ rẹ̀ gbé ara rẹ̀ dìde. Ètò ìdánwò tiwa kò nílò tó bẹ́ẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan tó bá ti kùnà, ìdánwò ti bọ́ nìyẹn.

`close` náà ní tirẹ̀. Bó bá dá EINTR padà lórí Linux, ẹ má tún un pè. Nọ́ńbà fáìlì yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ yín, ó sì lè ti di ti fáìlì mìíràn tí apá kan nínú ètò ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí.

`posix_fadvise` tó wà lókè ń bẹ kernel pé kó gbàgbé fáìlì náà nínú RAM kí kíkà lè dé orí dísíìkì gidi. Ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe àṣẹ. Nítorí náà mo pín ètò mi sí méjì, `./idanwo ko` àti `./idanwo ka`. Bí kíkọ bá parí, màá yọ fíláàṣì kúrò bó ṣe yẹ, màá tún un kì bọ̀ ọ́, kí n tó kà á. Mi ò tíì rí ọ̀nà tó dá mi lójú ju èyí lọ.

Ohun tí mo ń kọ náà yí padà. Tẹ́lẹ̀, lẹ́tà A ni mo fi ń kún gbogbo fáìlì. Ní báyìí, gbogbo 4,096 báìtì kọ̀ọ̀kan ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ibi tó wà. Ó nídìí: fíláàṣì ayédèrú pọ̀ lọ́jà, 8 GB ni inú rẹ̀, 64 GB ni wọ́n kọ sí i lára. Irú wọn lè gba gbogbo ohun tí ẹ bá kọ láìsí EIO kankan, `fsync` pàápàá á ní ó dáa, ṣùgbọ́n bí 8 GB bá ti kún, wọ́n lè máa kọ èyí tuntun lé èyí àtijọ́ lórí. Bí ẹ bá kà á padà, ibi tó yẹ kó sọ pé "báìtì 0 ni mí" lè ní "báìtì 8,589,934,592 ni mí". Lẹ́tà A kò lè fi èyí hàn láéláé, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ títí fíláàṣì yóò fi kún kó tó hàn. Ìyẹn ni ìdánwò mi ṣe ń gba gbogbo òru báyìí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: èsì mẹ́ta ló wà, kì í ṣe méjì

"Ó dáa" àti "kò dáa" nìkan kò tó. Ẹ̀kẹta ni "mi ò lè dán an wò". Bí ẹ bá dá ìyẹn pọ̀ mọ́ "kò dáa", ẹ ó máa dá dísíìkì aláìlẹ́ṣẹ̀ lẹ́bi. Bí ẹ bá dá a pọ̀ mọ́ "ó dáa", ẹ ó padà rí ọmọ Ìgbógbó lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ń fi nọ́ńbà ìjáde, ìyẹn nọ́ńbà tí ètò ń fi sílẹ̀ bó bá parí, yà wọ́n sọ́tọ̀: 0 ni "ó dáa", 1 ni "kò dáa", 2 ni "mi ò lè dán an wò". Linux Test Project, àkójọ ìdánwò fún Linux, náà ya tirẹ̀: TPASS fún èyí tó dáa, TFAIL fún èyí tí kò dáa, TBROK fún ìdánwò tó dàrú fúnra rẹ̀, àti TCONF fún èyí tí kò bá ibi tó wà mu.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo lè wà nínú èyí tàbí nínú ìyẹn, ìgbà tó dé ló ń sọ. EACCES nígbà tí ẹ ń ṣí fáìlì: ẹ ò ní àṣẹ níbẹ̀, 2 nìyẹn. EROFS níbẹ̀rẹ̀: wọ́n tì í pa fún kíkọ, 2 náà ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ báìtì kí EROFS tó yọjú láàárín iṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí kernel ti rí ohun tó bàjẹ́ lórí dísíìkì, kó wá sọ ọ́ di èyí tí a kàn lè kà. Ìyẹn, 1 ni. Ẹ wo `dmesg` kó lè dá yín lójú. EIO, 1 ni nígbàkigbà.

EFBIG, ìyẹn ni pé fáìlì ti tóbi jù, dà mí láàmú fún ọjọ́ méjì. Ìdánwò máa ń kú lórí gbogbo fíláàṣì 32 GB ní ibì kan náà, lẹ́yìn 4 GB. Mo ti fẹ́ bá ẹni tó ta á jà kí n tó rántí pé FAT32, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń to fáìlì sórí dísíìkì, ló wà lórí wọn, fáìlì kan kò sì lè ju 4,294,967,295 báìtì lọ lórí FAT32. Ìbéèrè mi ni kò bójú mu. Mo wá ní kí ètò máa pín in sí fáìlì oní 1 GB.

Tí wọ́n bá mú iná lọ lóru ńkọ́? Ètò kò ní sọ nọ́ńbà ìjáde kankan. Nítorí náà ìlà "BẸ̀RẸ̀" ló ń kọ́kọ́ wọ inú àkọsílẹ̀, "PARÍ" ló ń kẹ́yìn. Bí mi ò bá rí PARÍ láàárọ̀, mi ò ka ìdánwò yẹn sí, bí kò tilẹ̀ sí ìlà àṣìṣe kan ṣoṣo níbẹ̀.

Fáìlì ìdánwò, ẹ pa á rẹ́ bí èsì bá jẹ́ 0. Bó bá jẹ́ 1, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀rí ni.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ fọwọ́ ara yín dá wàhálà sílẹ̀

Kóòdù tó ń mójú tó àṣìṣe ni a kì í sábà rí kó ṣiṣẹ́, torí àṣìṣe kì í wá nígbà tí a bá ń wò ó. Ẹ má dúró dè é. Strace, irinṣẹ́ tó ń ṣọ́ gbogbo ìpè tí ètò ń ṣe sí kernel, lè purọ́ fún ètò yín lórúkọ kernel:

```
strace -f -o iho.txt -e inject=fsync:error=EIO:when=1 ./idanwo ko
strace -f -o iho.txt -e inject=pwrite64:error=ENOSPC:when=3 ./idanwo ko
strace -f -o iho.txt -e inject=pwrite64:retval=1048576:when=3 ./idanwo ko
```

Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ `echo $?` kí ẹ lè rí nọ́ńbà ìjáde. Èkíní gbọ́dọ̀ mú 1 wá, kí orúkọ fáìlì sì hàn. Ìkejì, ẹ wò ó bóyá báìtì tó dárúkọ bá ìpè kẹta mu. Ìkẹta ni mo fẹ́ràn jù. Ó sọ fún ètò pé 1,048,576 báìtì ti wọlé (iye tí ètò mi ń kọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn), bẹ́ẹ̀ kò kọ ẹyọ kan. Fíláàṣì ayédèrú gan-an nìyẹn. `ko` á parí pẹ̀lú 0, kò sì burú. `./idanwo ka` ló gbọ́dọ̀ mú un. Bí `ka` náà bá ní ó dáa, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹrin.

Fún ENOSPC tó jẹ́ ti òótọ́, ẹ ṣe dísíìkì kékeré kan látinú fáìlì:

```
truncate -s 16M kekere.img
mkfs.ext4 -q kekere.img
sudo mount -o loop kekere.img /mnt
```

Ẹ lo ètò yín lórí `/mnt` láìfi `sudo` sí i lákọ̀ọ́kọ́. EACCES ló máa dé, ẹ rí i bóyá 2 ló mú jáde. Ẹ wá fi `sudo` sí i kó kọ títí yóò fi kún. Ìdánwò kan tó kù rọrùn púpọ̀: `./idanwo ka > /dev/full`. Fáìlì yẹn máa ń ní àyè ti tán sí gbogbo ohun tí ẹ bá kọ sí i, nítorí náà "Ó DÁA" tí ètò fẹ́ kọ sí stdout kò ní débì kankan. Bí nọ́ńbà ìjáde bá ṣì jẹ́ 0, ẹ yẹ èsì `fflush(stdout)`, tó ń ti ohun tó kù láti kọ jáde, wò kí ètò tó jáde. Èmi kò ṣe é nígbà àkọ́kọ́.

Fíláàṣì ọmọ Ìgbógbó ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Mo ra òmíràn fún un, mo ní kó fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún mi. Nígbàkigbà tí mo bá fọwọ́ kan kóòdù náà, òun ni mo ń kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ohun tó kọ rèé:

```
fsync: /media/d/idanwo.003, baiti 1073741824: Input/output error (errno 5)
```

Ọmọ iṣẹ́ mi tẹ `echo $?`, ó rí 1, ó bá ti kọ̀ǹpútà pa, a lọ sílé.